Ẹ̀wù Awọ tí Kò Lè Dúró Ṣánṣán

Ẹ̀wù awọ kan wà lórí ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mi. Ìyàwó mi ló ni ín. Èmi ni mo rán an fún un nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í gun alùpùpù lọ síbi iṣẹ́. Agbẹ̀bí ni. Ilé làwọn aláboyún ti máa ń ránṣẹ́ pè é, òjò ni o, òtútù ni o, orí alùpùpù ló máa ń gbà lọ. Àìsàn ló pa á, kì í ṣe alùpùpù. Mo yáa tètè sọ ọ́, torí ohun tí gbogbo èèyàn kọ́kọ́ máa ń bi mí nìyẹn.

Láti ìgbà tó ti wọ ilé ìwòsàn tí kò padà wálé, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan ẹ̀wù náà. Mi ò ṣòfin. Tí mo bá ń gbálẹ̀, màá gbá abẹ́ rẹ̀, màá kọjá.

Ọmọ kan ṣoṣo la bí, obìnrin ni. Ó ga. Ìyá rẹ̀ náà ga, àmọ́ ti ọmọ yìí kúrò ní kékeré. Onígbàjámọ̀ tí ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara kan tèmi ló sọ ọ́ ní Òpó Iná láti kékeré, orúkọ náà sì ti mọ́ ọn lára débi pé tí mo bá fi orúkọ tí a sọ ọ́ pè é, ńṣe ló máa ń rò pé mo fẹ́ bá a wí.

Lẹ́yìn tí ìyá rẹ̀ lọ, alùpùpù náà wà nínú ọgbà lẹ́yìnkùlé. Òpó Iná kì í gùn ún. Ó kàn máa ń nù ún ni láràárọ̀ kó tó lọ síléèwé, látorí iná iwájú dé táyà ẹ̀yìn, bí ẹni ń fọ ojú ọmọ. Mo ń wò ó látojú fèrèsé ilé ìdáná.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, bá a ṣe ń mu tíì, ó ní, "Bàbá mi, wọ́n ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ bí wọ́n ṣe ń fi alùpùpù sáré."

"Níbo?"

"Ní pápá ọkọ̀ òfuurufú àtijọ́, lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń ṣe bíríkì. Kì í ṣojú títì o. Inú pápá ni gbogbo ẹ̀ wà."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Mo ti lọ wò ó."

"Ìgbà wo?"

Ó wo inú ife rẹ̀. "Ó ti tó ìgbà mélòó kan."

Mo mu tíì mi tán. Ká ní ìyá rẹ̀ ló sọ ọ́ fún ni, òun ì bá ti dáhùn kí ọmọ náà tó parí ọ̀rọ̀. Èmi máa ń pẹ́. Mo fi ife sílẹ̀, mo ní, "Ó dáa. Èmi náà á lọ wò ó."

Mo lọ. Pápá náà fẹ̀, koríko ti hù láàárín kọnkéré. Wọ́n fi ọ̀dà funfun sàmì sí ojú ọ̀nà tí wọ́n ń gbà sáré, wọ́n sì to táyà jọ gègèrè sí gbogbo kọ́nà. Ohun tí mo kọ́kọ́ kíyè sí ni pé ibì kan náà ni gbogbo wọn dorí kọ. Kò sí akérò tó máa já wọlé lójijì, kò sí ẹni tó máa ṣílẹ̀kùn mọ́tò sí wọn lójú. Mọ́tò ilé ìwòsàn kan wà nígun, dókítà jókòó sínú ẹ̀ ó ń jẹ ẹ̀pà. Mo ronú nípa ìyàwó mi láàárín àwọn ọkọ̀ ńlá gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀.

Ẹni tó ń kọ́ wọn jẹ́ obìnrin kúkúrú kan tí ohùn rẹ̀ ti há. Kóòṣì ni wọ́n ń pè é. Òun náà ti sáré rí. Ó wò mí látòkè délẹ̀.

"Bàbá, ṣé ẹ máa jókòó ni àbí ẹ máa dúró?"

"Kí ló fà á tẹ́ ẹ fi bèèrè?"

"Àwọn òbí tó máa ń dúró ló máa ń pariwo. Ọmọ á gbọ́ ohùn ìyá ẹ̀ nínú kọ́nà, á bojú wẹ̀yìn, ó di ilẹ̀."

"Èmi kì í pariwo."

"Gbogbo wọn ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀," ló wí, ó sì fi àga kan hàn mí.

Bó ṣe di pé Òpó Iná ń lọ sí pápá ní gbogbo Sátidé nìyẹn. Alùpùpù kéékèèké tó jẹ́ ti pápá ni wọ́n fi ń kọ́ wọn. Mo máa ń jókòó sórí àga yẹn, màá mú bàtà tàbí báàgì oníbàárà kan dání kí ọwọ́ mi má ṣófo. Mo rí i pé ọmọ mi kì í kánjú. Tó bá fẹ́ wọ kọ́nà, á ti tẹ bíréèkì tán kó tó dé ibẹ̀, á wá dẹ̀gbẹ́ wẹ́rẹ́, orúnkún rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀. Tó bá sọ akoto kalẹ̀, mo máa ń rí ohun kan lójú rẹ̀ tí mi ò tíì rí látìgbà tí ìyá rẹ̀ ti lọ. Ebi máa ń pa á. Ó máa ń jẹun lọ́jọ́ Sátidé.

Àmọ́ aṣọ kò bá a mu. Awọ látòkè délẹ̀ ni wọ́n máa ń wọ̀, ẹ̀wù àti ṣòkòtò tí wọ́n fi síìpù so pọ̀ níbàdí, torí ilẹ̀ kọnkéré kì í ṣojú àánú sí ẹran ara. Èyí tó gùn jù nínú aṣọ tí wọ́n ń yá wọn kò dé ọrùn ọwọ́ Òpó Iná. Kóòṣì ní kó máa fi kọ́ ìkọ́ṣẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ṣùgbọ́n ìdíje àwọn ọ̀dọ́ ń bọ̀ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, òun kò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bọ́ sójú ọ̀nà lọ́jọ́ yẹn tí àlàfo bá wà láàárín ìbọ̀wọ́ àti apá aṣọ.

"Kó wá dúró di tọdún tó ń bọ̀ nígbà náà?" ni mo bi í.

"Lọ́dún tó ń bọ̀, ọjọ́ orí ẹ̀ á ti ju tàwọn ọ̀dọ́ lọ. Àwọn àgbàlagbà ló máa bá sáré. Bàbá, màá sọ òótọ́ fún yín, ibẹ̀ kọ́ lèèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó bá lọ síbẹ̀ láìtíì sáré rí, wọn kì í pẹ́ kí wọ́n tó fi í sílẹ̀."

Òpó Iná dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó ń fi ẹsẹ̀ ha ilẹ̀.

"Awọ ni mo ń rán," ni mo sọ fún Kóòṣì. "Ẹ má ṣèyọnu. Á ní aṣọ."

Mo sọ ọ́ bí ẹni tó mọ ohun tó ń sọ. Láti ìgbà tí mo ti jáde ilé ẹ̀kọ́ girama ni mo ti ń rán awọ: ìjókòó mọ́tò, tìmùtìmù, báàgì, bàtà. Mo ra awọ màlúù dúdú tó nípọn dáadáa. Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ wọ̀n ọ́n, mo ní kó dúró sójú iná.

"Na ẹ̀yìn ẹ."

"Mo ti nà án, Bàbá mi."

"Gbé àgbọ̀n sókè. Ọwọ́ sísàlẹ̀. Má mí."

"Ṣé kí n má mí títí dọjọ́ ìdíje?"

"Dákẹ́."

Mo wọn èjìká rẹ̀, mo wọn apá, mo wọn láti ọrùn dé ìbàdí. Mo gé awọ náà, mo rán ojú ìránpọ̀ kọ̀ọ̀kan ní méjì-méjì, mo fi fóòmù líle sí ìgbọ̀nwọ́, sí orúnkún, sí èjìká. Nígbà tó wọ̀ ọ́, ó dúró gbọn-in nínú ẹ̀ bí sójà. Kò sí ibi tó ti ṣù pọ̀. Onígbàjámọ̀ gbọ́ tá à ń sọ̀rọ̀, ó gbé ìyarun dání wá, oníbàárà rẹ̀ tó ti gé lórí dé ìlàjì sì tẹ̀ lé e láti wá wòran.

"Háà! Ọ̀gá Aláwọ! Ẹ rán irú ẹ̀ fún mi, ìyàwó mi ò ní lè fa aṣọ mi ya mọ́ láé."

"Ẹ lọ parí orí onítọ̀hún," ni mo wí. Àmọ́ inú mi dùn. Mi ò fi hàn.

Sátidé tó ṣáájú ìdíje ni wọ́n máa ń yẹ aṣọ wò. Òpó Iná wọ tirẹ̀ láti ilé. Gbogbo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pariwo nígbà tí wọ́n rí i. Kóòṣì fa ojú ìránpọ̀ wò níbi gbogbo, ó mi orí, ó ní iṣẹ́ ọwọ́ gidi ni. Ó wá ní, "Ó yá, jókòó sórí ẹ̀. Tẹ̀ bí ẹni ń sáré."

Òpó Iná gun alùpùpù. Ó tẹ̀ síwájú. Ẹ̀yìn aṣọ náà sì fà tàn-án. Ọrùn aṣọ fún un lọ́fun, apá aṣọ méjèèjì sá kúrò lọ́rùn ọwọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé àárín apá. Ó gbìyànjú láti gbé orí sókè kó wo iwájú, kò lè gbé e. Ilẹ̀ ló ń wò. Nígbà tó fẹ́ tẹ orúnkún, awọ ẹ̀yìn ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣù pọ̀ bí gbọ̀ngbò igi.

Kóòṣì ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀rín ẹ̀gàn.

"Bàbá, aṣọ ẹni tó fẹ́ lọ ya fọ́tò lẹ rán. Eré ni mo fẹ́ kí tèmi sá!"

Ẹ̀rín pa gbogbo wọn. Ọmọ mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Láti inú aṣọ tó há mọ́ ọn lọ́fun yẹn, ó ní, "Kò séwu, Kóòṣì. Mo lè fara dà á."

"O ò ríwájú, o ní o lè fara dà á. Bọ́ sílẹ̀."

Kóòṣì wá lọ sídìí mọ́tò rẹ̀, ó mú aṣọ tirẹ̀ jáde, ó wọ̀ ọ́ níṣojú mi. Ó dúró, àmọ́ kò lè nàró. Ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ síwájú bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ nílẹ̀.

"Ẹ wò mí dáadáa. Tó bá rọrùn láti fi rìn, kò dáa fún eré. Orí alùpùpù la ti ń wọn èèyàn, kì í ṣe lórí ìdúró."

Mo gbọ́. Ẹni tí mo bá rán nǹkan fún, ńṣe ló máa ń dúró kí n wọ̀n ọ́n. Bí wọ́n ṣe kọ́ mi nìyẹn, bí mo ṣe kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ mi náà nìyẹn. Kò tiẹ̀ wá sí mi lọ́kàn pé ẹni tó fẹ́ wọ aṣọ yìí kò ní dúró nínú ẹ̀ rárá.

Nínú bọ́ọ̀sì tá a wọ̀ padà, Òpó Iná gbé aṣọ náà lé ẹsẹ̀.

"Ẹ má bínú, Bàbá mi."

"Kí lo ṣe?"

"Ẹ ti ṣe wàhálà gan-an lórí ẹ̀."

"Iṣẹ́ mi ni."

Mo gba aṣọ náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo gbé e lé ẹsẹ̀ tèmi.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè mo tú ẹ̀yìn aṣọ náà. Mo mọ ohun tó fẹ́. Ó fẹ́ awọ rírọ̀ láti ọrùn dé ìbàdí, àti lẹ́yìn apá, àti lẹ́yìn orúnkún, awọ tó máa tẹ̀ tó sì máa nà láìya. Èyí tó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ mi le jù, kò ṣe é ká. Mo lọ bá ẹni tó ń ta awọ fún wa. Awọ àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà ló kún ilẹ̀ rẹ̀.

"Awọ ewúrẹ́ ńkọ́? Èyí tó rọ̀ yẹn."

"Ó ń bọ̀. Àmọ́ á di oṣù tó ń bọ̀, Ọ̀gá."

"Sátidé yìí ni mo fẹ́ lò ó."

"Ẹ bá mi bẹ àwọn ewúrẹ́ náà kí wọ́n ṣe kíá." Ó rí ojú mi, ó pa ẹ̀rín rẹ̀ mọ́. Ó ní òun á bá mi wá a kiri, àmọ́ kí n má gbójú lé e.

Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù, mo jókòó. Mi ò gbé iṣẹ́ kankan. Onígbàjámọ̀ yọjú, ó bi mí bó ṣe rí, mo sọ fún un. Ó na ọwọ́ sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

"Awọ ewúrẹ́ ṣáà ni ti…"

Kò parí rẹ̀. Ó wo ìṣó, ó wò mí, ó ní òun ní oníbàárà, ó sì jáde. Mo ń wo àga oníbàárà rẹ̀ tó wà níta látojú fèrèsé. Kò sẹ́nì kankan lórí ẹ̀.

Mo wá gbé ojú sókè wo ẹ̀wù náà. Ó ti pẹ́ gan-an tí mo ti wò ó gbẹ̀yìn. Ńṣe ni mo máa ń kọjá lára ẹ̀. Apá rẹ̀ méjèèjì kò rọ̀ sílẹ̀ bí apá aṣọ tó wà lórí ìṣó ṣe máa ń rọ̀. Wọ́n tẹ̀ síwájú níbi ìgbọ̀nwọ́, bí ẹni tó di ọwọ́ alùpùpù mú. Èjìká rẹ̀ wá síwájú. Ẹ̀yìn rẹ̀ yọ díẹ̀. Èmi ni mo gé ẹ̀wù yẹn, mo sì mọ̀ pé ṣánṣán ni mo gé e. Lórí ìdúró ni mo wọn ìyá rẹ̀ náà. Òun ló fi ara rẹ̀ tún un rán, lójoojúmọ́, lójú títì, kò sì fìgbà kankan ráhùn sí mi pé ó há. Gbogbo ohun tí Kóòṣì sọ fún mi, orí ìṣó yẹn ló wà.

Mo dìde, mo gbé e sílẹ̀.

Nígbà tí Òpó Iná ti iléèwé dé, orí tábìlì ló bá a. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, báàgì ìwé rẹ̀ ṣì wà léjìká.

"Bàbá mi."

"Ẹ káàárọ̀ ò sí, ẹ kúùrọ̀lẹ́ ò sí."

"Ẹ kúùrọ̀lẹ́, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gé e."

"Mi ò tíì gé e."

"Mo lè dúró di ọdún tó ń bọ̀. Mo lè bá àwọn àgbàlagbà sáré, mi ò ní fi í sílẹ̀."

"Mo gbọ́ ohun tí Kóòṣì sọ. Ìwọ náà gbọ́ ọ."

"Ẹ̀wù ìyá mi ni."

"Mo mọ ẹni tó ni ín." Ohùn mi le ju bí mo ṣe fẹ́ lọ. Mo gbé ẹ̀wù náà lé e lọ́wọ́. "Wọ̀ ọ́ wò."

Ó sọ báàgì kalẹ̀, ó wọ̀ ọ́. Ó fẹ̀ jù fún un láyà, ó sì kúrú lápá. Ó bojú wo ara rẹ̀, ó tún wò mí.

"Kò bá mi mu."

"Kò bá èmi náà mu," ni mo wí. "Ìṣó nìkan ló bá mu."

Ó fi ọwọ́ pa apá ẹ̀wù náà lẹ́ẹ̀kan, ó bọ́ ọ, ó gbé e padà sórí tábìlì. Ó wá fa àpótí kan, ó jókòó síwájú mi, ó sì di etí kan mú kí n lè rí ojú ìránpọ̀.

Òwú ni mo ń gé, mi ò gé awọ. Abẹ tín-ín-rín ni mo lò, mo ń tú u níkọ̀ọ̀kan, ọmọ náà ń fi èékánná yọ òwú tó já. Iṣẹ́ tí mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé ni, mo tún ń rí ibi tí ọwọ́ mi ti yẹ̀ nígbà náà. Nínú àpò apá òsì a rí ìbọ̀sẹ̀ ọmọ tuntun kan, ẹyọ kan péré, funfun.

"Ti ta nìyí?"

"Kí ni mo mọ̀? Gbogbo ọmọ àdúgbò ló gbẹ̀bí ẹ̀."

Òpó Iná fi ìbọ̀sẹ̀ náà sórí àtàǹpàkò rẹ̀, ó mì í. Ẹ̀rín kékeré kan bọ́ lẹ́nu wa. Ó gbé e sápá kan lórí tábìlì.

Ibì kan wà tí títú òwú kò tó. Ẹ̀yìn ẹ̀wù náà fẹ̀ ju ibi tí mo fẹ́ fi bọ̀ lọ, àfi kí n gé e. Mo fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí i. Mo mú sísọ́ọ̀sì. Ó pẹ́ tí mo fi mú un dání. Òpó Iná bojú wo ẹ̀gbẹ́ kan, kì í ṣe torí ara rẹ̀, torí tèmi ni. Mo gé e.

Lẹ́yìn ìyẹn ó di kíá. A ti alùpùpù ìyá rẹ̀ wọ inú ṣọ́ọ̀bù, a gbé e dúró láàárín ìjókòó mọ́tò àti tìmùtìmù oníbàárà. Mo ní kó gùn ún kó tẹ̀, kó sì di irin ìsàlẹ̀ mú dípò ọwọ́ alùpùpù, torí ọwọ́ alùpùpù eré máa ń wà nísàlẹ̀ ju tirẹ̀ lọ. Mo ń fi téèpù wọ̀n ọ́n láti ọrùn gba ẹ̀yìn rẹ̀ tó tẹ̀.

"Ṣé bí Màámi ṣe máa ń tẹ̀ nìyí?"

"Ìyá ẹ? Ìyá ẹ kì í tẹ̀ tó báyìí. Ńṣe ló máa ń gùn ún bí ẹni ń lọ kí àwọn àna."

Ó rẹ́rìn-ín débi pé alùpùpù náà mì.

"Má mì. Téèpù ti yẹ̀."

"Ẹ̀yin lẹ dá mi lẹ́rìn-ín."

Mo fi ẹ̀yìn ẹ̀wù ìyá rẹ̀ ṣe ẹ̀yìn tirẹ̀, lórí fóòmù líle tó ń dáàbò bo egungun ẹ̀yìn. Apá ẹ̀wù náà lọ sẹ́yìn orúnkún àti ẹ̀yìn ìgbọ̀nwọ́. Awọ dúdú tuntun ló wà níwájú àti lẹ́gbẹ̀ẹ́, awọ ewúrẹ́ tó ti ṣá pupa díẹ̀ ló wà níbi tí ara ti ń ká. Ó tún bẹ̀ mí pé kí n rán àpò kékeré kan sínú rẹ̀ láyà. Mo rán an. Mi ò bi í pé kí ló fẹ́ fi síbẹ̀.

Láàárọ̀ Sátidé, ó wọ̀ ọ́. Kò lè dúró ṣánṣán. Onígbàjámọ̀ ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kó lè tẹ̀ lé wa, ó wò ó bó ṣe ń tẹ̀ kọ́rọ́kọ́rọ́ lọ síbi bọ́ọ̀sì, ó ní, "Òpó Iná ti wọ́! Ẹ pe àwọn oníná!"

Kóòṣì ní kó gun alùpùpù, ó ní kó tẹ̀. Apá aṣọ dúró síbi tó wà, inú ìbọ̀wọ́ ni. Òpó Iná gbé orí sókè, ó wo iwájú, títí dé kọ́nà tó jìnnà jù. Kóòṣì fi ọwọ́ pa ẹ̀yìn aṣọ náà, ibi tí awọ méjèèjì ti pàdé.

"Awọ yìí kì í ṣe tuntun."

"Rárá," ni mo wí.

Ó wò mí, kò bèèrè mọ́. Ó tẹ àyà aṣọ náà. "Kí ló wà nínú àpò yìí? Kò sóhun tó gbọ́dọ̀ wà lápò ẹni tó bá fẹ́ sáré. Tó o bá ṣubú lé e, á wọ ara."

Òpó Iná ṣí síìpù, ó mú ìbọ̀sẹ̀ náà jáde.

"Ta ló bímọ?" ni Kóòṣì bèèrè.

Ọmọ mi yíjú kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó nawọ́ rẹ̀ sí mi. "Bàbá mi, ẹ bá mi dì í mú."

Mo gbà á. Mo lọ jókòó sórí àga mi, onígbàjámọ̀ sì jókòó lórí koríko lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mi ò mú bàtà kankan dání lọ́jọ́ yẹn.

Wọ́n ju àsíá sílẹ̀, wọ́n ṣí lọ pọ̀. Ariwo àwọn ẹ́ńjìnì kéékèèké yẹn dà bí ti oyin. Òpó Iná wà láàárín wọn, kò síwájú, kò sẹ́yìn. Mo ń fi ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀ dá a mọ̀. Bó bá ti tẹ̀, awọ àtijọ́ yẹn á tẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, kò fà, kò ṣù pọ̀. Ó kọjá ẹnì kan, ó tún kọjá ẹlòmíì. Onígbàjámọ̀ ń lu itan ara rẹ̀.

Kọ́nà tó tẹ̀ lé ibi tí wọ́n to táyà sí ló ti ṣẹlẹ̀. Ẹni tó wà níwájú rẹ̀ tẹ bíréèkì lójijì, òun náà tẹ tiẹ̀, táyà iwájú sì yọ̀. Alùpùpù náà dùbúlẹ̀. Ọmọ mi fi ẹ̀gbẹ́ àti ẹ̀yìn yọ̀ lọ lórí kọnkéré, ó yọ̀, ó yọ̀, ó wọ inú koríko.

Mo rí i pé mo ti wà lórí ìdúró. Ẹnu mi là. Mo pa á dé. Ọwọ́ mi di ìbọ̀sẹ̀ yẹn mú bí ẹni di okùn mú.

Ó dùbúlẹ̀ síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbé ọwọ́ kan sókè, bí wọ́n ṣe kọ́ wọn pé kí ẹni tó bá ṣubú tí kò sí nǹkan tó ṣe é máa ṣe. Ó dìde, ó tẹ̀ lórí ìdúró. Ó wo ẹ̀yìn títí tí àwọn yòókù fi kọjá tán, ó gbé alùpùpù náà dìde, ó tì í, ó gùn ún, ó sì lọ.

Òun ló kẹ́yìn gbogbo wọn. Síbẹ̀, ó dé. Nígbà tó ṣí akoto, òógùn bo ojú rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, kò rí ju ibi tó wú díẹ̀ níbàdí lọ. Kóòṣì ní orúkọ rẹ̀ ti wọ ìwé àwọn tó ti sáré parí, pé kó máa bọ̀ ní Sátidé tó ń bọ̀. Ó wá yíjú sí mi.

"Ẹ dúró, ẹ ò sì pariwo."

"Mo ti sọ fún yín."

Nílé, mo tẹ́ aṣọ náà sórí tábìlì. Kọnkéré ti ha awọ tuntun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ti funfun. Ẹ̀yìn náà ti ha, àmọ́ kò lu. Ojú ìránpọ̀ kan ti fẹ́ ṣí níbi èjìká.

"Ṣé ẹ lè tún un ṣe?" ni Òpó Iná bèèrè. Búrẹ́dì wà lẹ́nu rẹ̀.

"Kọ́kọ́ gbé oúnjẹ mì ná."

Ó gbé e mì. "Ṣé ẹ lè tún un ṣe kí Sátidé tó dé?"

"Mo lè tún un ṣe."

Mo rán èjìká náà, mo fi ìda pa á. Mo dá ìbọ̀sẹ̀ náà padà fún un, ó sì tì í sínú àpò àyà. Lẹ́yìn náà ó gbé aṣọ náà, ó wo inú ṣọ́ọ̀bù yí ká, ó ń wá ibi tó máa gbé e sí. Ó wo ìṣó ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ó wò mí.

Mo ń tọ́ òwú sínú abẹ́rẹ́, ìjókòó mọ́tò ẹnì kan wà nílẹ̀ tí mo ní láti parí. Mo ní, "Kí lo ń wò? Gbé e kọ́."

Ó gbé e kọ́. Apá méjèèjì tẹ̀ síwájú.